Gíà Áàsù Ẹ̀yìn àti Dífáráńsíà fún Pikọ́ọ̀pù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pikọ́ọ̀pù mi ni ẹ́ńjìnnì lè yí, gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ọtomátíìkì onípele mẹ́rin, gíà áàsù rẹ̀ sì jẹ́ 3.73. Mo yọ táyà 265/70R17 tó bá a wá, mo fi táyà oní-íǹṣì 35 rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lágbára mọ́ bí mo bá so tírélà kékeré mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wọ ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan á sì máa yí lásán. Àwọn kan ní kí n pààrọ̀ gíà sí 4.10, àwọn kan ní 4.56, àwọn mìíràn ní lọ́kà, ìyẹn ohun tó ń de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí, ni mo nílò. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ìwọ̀n táyà àti irú gíàbọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, nítorí láìsí wọn, àmọ̀ràn yòówù tí a bá fún yín kò lè ju àbá lásán lọ. Ìṣòro méjì ni ẹ kó pọ̀. Àìlágbára ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa ẹrù jẹ́ ọ̀ràn gíà. Ẹsẹ̀ kan tó ń yí lásán nínú ẹrẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn dífáráńsíà. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ìyẹn inú kókó irin ńlá tó wà láàárín áàsù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo oògùn ọ̀kan fún àìsàn èkejì. Gíà ló ń sọ agbára di púpọ̀. Dífáráńsíà ló ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí gíà. Pùròpélà tó ń bọ̀ láti gíàbọ́ọ̀sì ń yí gíà kékeré kan tí à ń pè ní píníọ̀nù, píníọ̀nù ń yí gíà ńlá tó rí bí adé, tí à ń pè ní kíráwùn, kíráwùn ló sì ń gbé ìyí náà fún ẹsẹ̀ méjèèjì nípasẹ̀ dífáráńsíà. Bí ẹ bá fi iye eyín píníọ̀nù pín iye eyín kíráwùn, òǹkà tí ẹ ó rí ni 3.73 tàbí 4.10 tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ. Eyín 41 ni ọ̀pọ̀ kíráwùn ní: bí píníọ̀nù bá ní eyín 11, ẹ ó rí 3.73, bó bá ní 10, ẹ ó rí 4.10, bó bá ní 9, ẹ ó rí 4.56. Bí òǹkà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tó ń dé ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ túbọ̀ yára yí kí ọkọ̀ tó dé eré kan náà. Èmi máa ń pe òǹkà ńlá ní gíà agbẹ́rù, mo sì máa ń pe òǹkà kékeré ní gíà asáré, nítorí pé ọ̀rọ̀ "gíà gíga" máa ń rú àwọn ènìyàn lójú: ẹlòmíràn á sọ pé gíà gíga ni òun fẹ́, òdìkejì ohun tó nílò ni wọn yóò sì tà fún un.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ rí i dájú pé 3.73 ló wà nínú áàsù náà lóòótọ́, nítorí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò rí lè ti gba gíà mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí àkọlé kékeré kan lára ìdérí áàsù, tàbí àmì kan lára pátákó ìdánimọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé fọkàn tán jù ni kí ẹ kà á fúnra yín. Ẹ dí àwọn ẹsẹ̀ iwájú kí ọkọ̀ má yí, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè lórí ìdúró irin tó lágbára, ẹ fi gíàbọ́ọ̀sì sí néútírà, ẹ tú bírèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ara táyà àti sí ara pùròpélà. Bí dífáráńsíà yín bá jẹ́ ti lásán, ẹ yí ẹsẹ̀ tó wà lókè náà ní ìgbà méjì gééré, kí ẹnìkejì yín máa ka iye ìgbà tí pùròpélà yí. Bó bá yí nígbà mẹ́ta, tó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i, 3.73 nìyẹn.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí táyà tuntun ṣe sí ọkọ̀ yín. Táyà 265/70R17 fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 803 láti ìsàlẹ̀ dé òkè rẹ̀. Oní-íǹṣì 35 jẹ́ mìlímítà 889. Táyà tó tóbi sí i ń rin ọ̀nà tó gùn sí i nínú ìyípo kan, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ẹ fi gíà asáré sínú áàsù láìmọ̀. Bí ẹ bá sọ 3.73 di púpọ̀ ní ìlọ́po 803, tí ẹ sì fi 889 pín in, nǹkan bíi 3.37 ni ẹ ó rí. Èyí já sí pé ọkọ̀ yín ń ṣe lónìí bí ọkọ̀ tí wọ́n fi 3.37 sí lábẹ́ táyà àtijọ́. Ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó fi ń fa nǹkan. Kì í ṣe èrò inú yín lásán ni àìlágbára tí ẹ ń sọ. Mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má fi ọkàn tán òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sí ara táyà pátápátá, torí ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n kọ 35 sí kì í pé íǹṣì 35, ìwúwo ọkọ̀ sì tún ń tẹ̀ wọ́n wálẹ̀. Ẹ sàmì sí ibi tí táyà fi kan ilẹ̀, ẹ yí ọkọ̀ síwájú títí àmì náà yóò fi padà kan ilẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọn ọ̀nà tó rìn. Ìwọ̀n yẹn ló jẹ́ ti ọkọ̀ tiyín gan-an.

Àwọn tó ní kí ẹ fi 4.10 sí i kò purọ́. Pẹ̀lú táyà yín, 4.10 yóò máa ṣe bíi 3.70 ti tẹ́lẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọkọ̀ padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Síbẹ̀, 4.56 ni mo fi ọwọ́ sí, ó sì nídìí. Ìṣirò tí a ṣe yìí ka ìtóbi táyà nìkan, kò ka ìwúwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni táyà ńlá máa ń wúwo ju ti àtijọ́ lọ gan-an, ó ń gba agbára kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì ń gbé ọkọ̀ ga sínú afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ wá fi tírélà kún un. Ẹni tó bá kàn ṣírò láti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sábà máa ń rí i pé òun kò padà débẹ̀ tán, iṣẹ́ ṣíṣí áàsù kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú táyà tuntun, 4.56 yóò máa ṣe bíi 4.12 ti àtijọ́, tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju bí ọkọ̀ ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, àfikún yẹn ni yóò sì san gbèsè ìwúwo táyà àti ti tírélà.

Ìbẹ̀rù tí mo mọ̀ pé ẹ ó ní ni pé ẹ́ńjìnnì yóò máa ké lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wò ó. Ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, táyà oní-íǹṣì 35 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 597 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ọ̀pọ̀ gíàbọ́ọ̀sì onípele mẹ́rin, òǹkà ìpele tó kẹ́yìn wà ní nǹkan bí 0.70. Pẹ̀lú 3.73 tí ẹ ní báyìí, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí 1,560 ní eré yẹn, pẹ̀lú 4.10, yóò jẹ́ nǹkan bí 1,710, pẹ̀lú 4.56, nǹkan bí 1,905. Pẹ̀lú táyà àtijọ́, 1,725 ló ń yí. Ìyàtọ̀ láàárín 1,725 àti 1,905 kò tó ohun tí etí ènìyàn yóò fi máa ráhùn. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń yí ní 1,560 tó sì gbẹ́rù sẹ́yìn ló ń jìyà ní tòótọ́, nítorí kò tíì dé ibi tí agbára rẹ̀ wà, ẹ ó máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì á máa fò láti ìpele kẹrin sí ìkẹta, á tún padà sókè, ooru rẹ̀ á sì máa ga. Ooru ni ọ̀tá gíàbọ́ọ̀sì ọtomátíìkì. Nítorí èyí, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá yín lójú pé gíà asáré ló máa ń jẹ epo díẹ̀ nígbà gbogbo. Fún ọkọ̀ tó ṣófo lójú ọ̀nà títẹ́jú, ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún ọkọ̀ tó ń fa ẹrù gun òkè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rí bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé gíàbọ́ọ̀sì onípele mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ọkọ̀ yín ní, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀. Ìpele kìíní nínú gíàbọ́ọ̀sì onípele mẹ́wàá ti Ford, 10R80, jẹ́ nǹkan bí 4.70, nígbà tí ti 4L60-E onípele mẹ́rin ti General Motors jẹ́ nǹkan bí 3.06. Ká ní gíà áàsù ọkọ̀ onípele mẹ́wàá náà jẹ́ 3.31, ẹ sọ 4.70 di púpọ̀ ní ìlọ́po 3.31, ẹ ó rí iye tó lé ní 15. Ẹ sọ 3.06 di púpọ̀ ní ìlọ́po 3.73, kò ju 11.4 lọ. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tuntun tó ní gíà asáré nínú áàsù lè fi agbára gbéra ju ọkọ̀ àtijọ́ tó ní gíà agbẹ́rù lọ. Ẹni tó bá ń fún yín ní àmọ̀ràn láti inú ọkọ̀ irú ìyẹn, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ.

Ohun mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò nípa 4.56. Àkọ́kọ́, gíà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan, tí ẹ sì so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ lórí ilẹ̀ líle, wọn yóò máa bá ara wọn jà títí nǹkan kan yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà, iye owó áàsù méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkejì, píníọ̀nù tó ní eyín díẹ̀ máa ń kéré sí i, kò sì lágbára tó èyí tó ní eyín púpọ̀. Eyín 9 ṣì dára fún iṣẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú láti lọ sí 4.88, tí píníọ̀nù rẹ̀ sábà máa ń ní eyín 8, nítorí tírélà kékeré kan. Ẹ̀kẹta ni ó máa ń ká àwọn oníṣẹ́ tó ń kánjú mọ́ jù lọ: nínú àwọn áàsù kan, ilé dífáráńsíà tí wọ́n ń de kíráwùn mọ́ kò bá gbogbo òǹkà mu. Ti Dana 44, fún àpẹẹrẹ, pín sí méjì láàárín 3.73 àti 3.92, ilé tó gba 3.73 kò gba 4.56 bí kò ṣe pé wọ́n ra kíráwùn tí wọ́n ṣe nípọn ní pàtàkì. Ẹ béèrè orúkọ áàsù yín gan-an kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra lọ́kà nígbà kan náà, èyí tó bá 4.56 mu ni kí ẹ rà, kí ẹ má baà san owó náà ní ìlọ́po méjì.

Nísinsìnyí, ẹrẹ̀. Dífáráńsíà ti lásán ni a fi sínú ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ òde lè rìn ju ti inú lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Bí àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ mítà 1.6, tí ọkọ̀ sì yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òde yóò fi nǹkan bíi mítà 10 rìn ju ti inú lọ, yálà ìyípo náà fẹ̀ tàbí kò fẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí dífáráńsíà náà ń gbà gba ìyàtọ̀ yìí láàyè ni pé iye agbára ìyí kan náà ló ń fún ẹsẹ̀ méjèèjì nígbà gbogbo. Ká ní ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú ẹrẹ̀, tó jẹ́ pé agbára 200 Nm péré (Nm ni ìwọ̀n agbára ìyí) ló lè gbà kí ó tó máa yọ̀. Ẹsẹ̀ òsì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú kò ní rí ju 200 Nm lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400, bí ìyẹn kò bá sì lè gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ ó dúró síbẹ̀. Ẹ fi ojú inú wò ó dáadáa: bí ẹ bá fi 4.56 rọ́pò 3.73, àpapọ̀ náà kò yí padà rárá, nítorí pé ilẹ̀ ló ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí àwọn ènìyàn tó ná owó gọbọi lórí gíà agbẹ́rù kí wọ́n lè bọ́ nínú ẹrẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà ló tún ń yí, agbára tó sì fi ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

Ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Limited slip tó ń lo àwo kílọ́ọ̀ṣì máa ń di ẹsẹ̀ méjèèjì mú díẹ̀. Kò hàn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ ń jẹ, ó sì nílò èròjà pàtàkì nínú ọ́ìlì kí ó má baà máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Irú kejì ń fi gíà ṣiṣẹ́ láìsí àwo. Torsen, tí Vernon Gleasman gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958, ló sọ ọ́ di olókìkí, Truetrac ti Eaton sì jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń lò nínú pikọ́ọ̀pù. Kò ní ohun tó ń jẹ lọ bí àwo, ó sì lè fún ẹsẹ̀ tó di ilẹ̀ mú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ gbà: nínú àpẹẹrẹ wa, 200 àti 600, àpapọ̀ 800. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ kan bá wà lófuurufú pátápátá, ìlọ́po mẹ́ta òfo ṣì jẹ́ òfo, àyàfi bí ẹ bá rọra tẹ bírèkì díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà lè ní ohun tó ń dì í mú. Lọ́kà aládàáṣe tún wà, irú èyí tí General Motors ń fi àmì G80 pè, tó ń dúró títí ẹsẹ̀ kan yóò fi fi nǹkan bí ìyípo 100 láàárín ìṣẹ́jú kan yára ju èkejì lọ kí ó tó dì wọ́n pọ̀, tí kì í sì í dì bí ọkọ̀ bá ti kọjá eré tó tó nǹkan bíi kìlómítà 30 láàárín wákàtí. Èyí tó kẹ́yìn ni lọ́kà oníbọ́tìnnì, tí afẹ́fẹ́ tàbí iná mànàmáná ń tì, bíi ti ARB tàbí èyí tó wà nínú àwọn Toyota Hilux kan láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, dífáráńsíà lásán ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á di ọ̀kan, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á sì gba gbogbo ohun tí ilẹ̀ bá lè dì mú.

Fún yín, lọ́kà oníbọ́tìnnì nínú áàsù ẹ̀yìn ni mo yàn. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni ẹ ti ń fa tírélà, inú ẹrẹ̀ ni ẹ sì ti ń há, kò sì sí irú mìíràn tó ń sin ipò méjèèjì láìjẹ́ pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́. Ká ní ojú ọ̀nà títì tó lómi lórí ni ẹsẹ̀ yín ti máa ń yọ̀, tí ẹ kì í sì í wọ ẹrẹ̀ jíjìn, irú tó ń fi gíà ṣiṣẹ́ ni ǹ bá yàn, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ẹ fi dífáráńsíà iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà. Lọ́kà níwájú máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ọkọ̀ le débi pé kò fẹ́ yà mọ́, ó sì ń fi wàhálà kún iṣẹ́ ṣáfùtù iwájú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó wọ ibi tó burú, kí ó má jẹ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá ti ń yí fìrìfìrì, torí dídì lójijì lè ṣẹ́ nǹkan. Ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó dé ilẹ̀ líle, ní pàtàkì kí ẹ tó yà. Kí ẹ sì rántí pé nígbà tí lọ́kà bá dì, ṣáfùtù kan ṣoṣo lè máa gbé ẹrù tí méjì ń pín tẹ́lẹ̀. Ẹ má tẹ iná mọ́lẹ̀ gìrìgìrì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ jù ni yíyan ẹni tí yóò tò ó. Gíà tó dára jù lọ láyé yóò bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí wọn kò bá tò ó dáadáa. Píníọ̀nù gbọ́dọ̀ wọlé dé ìjìnlẹ̀ tó yẹ; àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ àti ti kíráwùn gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n tí olùṣe kọ mu, tó sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 0.15 sí 0.25, bíárìn gbọ́dọ̀ fún níwọ̀n, lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi ọ̀dà kun eyín, wọn yóò yí i, wọn yóò sì ka àmì tó fi sílẹ̀. Àárín eyín ni kí àmì náà wà. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi hàn yín kí wọ́n tó dé ìdérí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnì kan fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, tó ní ọwọ́ lásán ni òun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Mo rí áàsù kan rí tí ẹni tó ni ín gbé ẹrù wíwúwo lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tò ó. Nígbà tí mo ṣí i, eyín píníọ̀nù ti di àwọ̀ búlúù nítorí ooru, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ti dúdú bí èédú. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kí a tún ra òmíràn lọ.

Kí ti yín má baà rí bẹ́ẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ dúró títí áàsù yóò fi tutù pátápátá, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má so tírélà mọ́ ọn títí yóò fi rin nǹkan bíi kìlómítà 800, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé lúbúlúbú irin tó jáde lára eyín tuntun kò yẹ kó máa yí po nínú bíárìn. Eyín píníọ̀nù áàsù ń yọ̀ lára ti kíráwùn bó ti ń yí i, nítorí náà ọ́ìlì GL-5 ni ó nílò, kì í ṣe ọ́ìlì gíà èyíkéyìí tó bá wà lórí àtẹ. 75W-90 tọ́ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 75W-140 sì dára fún èyí tó ń fa ẹrù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ṣe gíà àti lọ́kà náà bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n ṣàtúnṣe sí ohun tó ń ka eré ọkọ̀. Lónìí, bó bá kọ 100, nǹkan bíi 111 ni ẹ ń sá ní tòótọ́. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú tó ń ka eré láti ara pùròpélà, lẹ́yìn tí ẹ bá fi 4.56 sí i, yóò máa kọ nǹkan bíi 110 nígbà tí ẹ bá ń sá 100. Bó bá jẹ́ láti ara ẹsẹ̀ ló ti ń kà á, àṣìṣe ti táyà nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Kọ̀ǹpútà gíàbọ́ọ̀sì náà ń lo òǹkà yìí láti mọ ìgbà tó yẹ kó yí ìpele padà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.